Ìrora Àyà Tí Ń Dúró Bí A Bá Dúró

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1768, dókítà kan tó ń jẹ́ William Heberden ka ìwé kúkurú kan létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Royal College of Physicians ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí àwòrán nínú ìwé náà, kò sì sí orúkọ ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ wo ni? Ohun tí dókítà ń kì bọ etí láti fi gbọ́ àyà aláìsàn gan-an, ó ku ọdún 48 kí Laennec tó ṣe é ní Paris. Etí lásán ni Heberden ní. Ó ti fi etí náà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ aláìsàn fún ọdún gbọọrọ, ó sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọra bí ẹni pé wọ́n jọ pàdé pọ̀ sọ ọ́ ni.

Kí ni wọ́n ń wí? Wọ́n ní bí àwọn bá ń rìn, pàápàá bí àwọn bá ń gun òkè, tó bá tún wá jẹ́ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, nǹkan kan á di àwọn mú láyà, á máa fún àwọn pinpin, bíi pé bí àwọn bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ẹ̀mí á bọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dúró jẹ́ẹ́, kíá, ó ti lọ. Ẹni náà á wò yíká, ara rẹ̀ á le bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, nǹkan náà kì í dúró de òkè mọ́. Á máa wá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á máa wá lórí ibùsùn, á sì máa gba apá òsì lọ. Lọ́jọ́ kan ẹni náà lè ṣubú, kó sì kú lójijì. Heberden pe àìsàn yìí ní angina pectoris, ìyẹn ohun tí ń fún ni láyà bí ìgbà tí wọ́n bá fún ènìyàn lọ́rùn. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1802 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní àwọn tí òun rí tó ní i sún mọ́ 100. Obìnrin mẹ́ta péré ló wà nínú wọn, àti ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan. Ẹ fi iye obìnrin yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Èmi kì í ṣe dókítà ìṣègùn o. Ìtàn ni mo fi ń kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó fà mí sí ìtàn àìsàn yìí ni pé ẹnu aláìsàn ló kọ́kọ́ fi í hàn, kì í ṣe abẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n sì ti ń pàdánù rẹ̀ títí di òní náà nìyẹn: aláìsàn á sọ̀rọ̀, àwọn tó yí i ká á gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, èdè wa kò ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́ púpọ̀. Bí ẹnì kan bá ní "àyà mi ń já," ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá ní "àyà ń ta mí," ata tó jẹ lánàá la máa bi í. Bó bá ní "ọkàn mi bàjẹ́," a ó ní ta ló ṣẹ̀ ẹ́. "Àyà ń dùn mí" ló kù, ìyẹn náà sì lè jẹ́ ikọ́, ó lè jẹ́ ẹrù tó gbé lánàá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sàn jù wá lọ: àyà títa, tí í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn, ọkàn jíjó ni wọ́n ń pè é. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí kì í pè é ní ìrora rárá. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn yín, wọ́n á ní rárá, ó kàn wúwo ni, bíi pé wọ́n gbé odó lé mi láyà. Samuel Levine, dókítà ọkàn kan ní Boston, ṣàkíyèsí pé ọwọ́ wọn tilẹ̀ ń sọ ọ́ ju ẹnu wọn lọ. Ẹni tí ẹ̀ẹ́kánná kan bá ń gún láyà á fi ìka kan tọ́ka sí i. Ẹni tí ọkàn bá ń dà láàmú á di ìkúùkù, á gbé e lé àárín àyà. Títí di òní, orúkọ Levine ni wọ́n fi ń pe àmì yẹn.

Heberden mọ bí àìsàn náà ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti ń wá. Ní 1772, lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jáde, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kọ lẹ́tà sí i láìfi orúkọ sí i. Ó ní òun ka ohun tí wọ́n kọ, òun sì rí ara òun nínú rẹ̀. Ó ní bí òun bá kú lójijì, kí wọ́n la òkú òun wò, bóyá yóò wúlò fún àwọn ẹlòmíràn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó kú lóòótọ́. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ló la òkú náà. Kò rí nǹkan kan tó lè tọ́ka sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Hunter nígbà náà, Edward Jenner. Bẹ́ẹ̀ ni, Jenner kan náà tó wá di olókìkí nítorí àjẹsára ìgbóná. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá òun lójú pé wọn kò wo àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọkàn lọ́jọ́ náà. Ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, àbí? Òun náà ní láti jẹun. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló jáde láti ìdí òpó ńlá, tí wọ́n yí ọkàn ká, tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún un. Nígbà tí Jenner padà sí abúlé rẹ̀, ó la òkú ọkùnrin mìíràn tó kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó ń gé ọkàn náà lọ ni ọ̀bẹ rẹ̀ bá kan nǹkan tó le gbangba bí òkúta. Ó gbé ojú sókè wo àjà, torí ilé náà ti gbó, ó rò pé sìmẹ́ńtì ló já bọ́ sínú ohun tóun ń gé. Nígbà tó wò ó dáadáa, ó rí i pé iṣan tí ń bọ́ ọkàn ló ti di egungun.

Kò pariwo rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ Hunter ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní irú ìrora yìí, Jenner kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé òun ni yóò kéde ikú fún un. Hunter fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìbínú ń fa ìrora náà, ó sì máa ń wí pé ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ oníjìbìtì èyíkéyìí tó bá pinnu láti mú òun bínú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1793, níbi ìpàdé kan ní St George's Hospital, wọ́n bá a jiyàn, ó bínú, ó wọ yàrá kejì, ó sì ṣubú kú. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, àwọn iṣan tí ń bọ́ ọkàn rẹ̀ ti di egungun. Ìgbà náà ni ẹnu Jenner tó ṣí. Caleb Parry, dókítà kan ní ìlú Bath, tẹ lẹ́tà rẹ̀ sínú ìwé ní 1799. Mo gba ti Jenner rò, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọdún tó fi pa á mọ́ kì í ṣe kékeré.

Ní ti ìwòsàn, díẹ̀ ni Heberden ní: ìsinmi, ọtí líle díẹ̀, àti oògùn oorun tí wọ́n ń fi òpíọ́mù ṣe lálẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun kan sílẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ó ní aláìsàn kan fún ara rẹ̀ ní iṣẹ́, ó ń fi ayùn rẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn tán. Ó tó 200 ọdún kí àwọn dókítà tó padà wá gbà pé eré ìdárayá tí a bá rọra ṣe dára fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀.

Oògùn gidi àkọ́kọ́ wá ní 1867. Lauder Brunton jẹ́ ọmọdé dókítà ní ilé ìwòsàn ní Edinburgh, kò tíì ju ẹni ọdún 23 lọ. Ó ń wo aláìsàn kan tí ìrora máa ń dé bá lóru. Ó ṣàkíyèsí pé bí ìrora bá dé, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á le lọ́rùn ọwọ́, àti pé bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọkùnrin náà, ara á tù ú. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, ṣé kò sí oògùn tó lè mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ láìjẹ́ pé a fa ẹ̀jẹ̀? Ó ti gbọ́ nípa omi kan tí wọ́n ń pè ní amyl nitrite, tí ojú ẹni tó bá fín in símú á pọ́n wìì. Ó da díẹ̀ sórí aṣọ, ó ní kí aláìsàn fín in. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrora ti lọ.

Ti William Murrell ló pa mí lẹ́rìn-ín. Nitroglycerin ni ohun tí Alfred Nobel fi ń ṣe dínámáìtì tó sì fi di olówó. Murrell, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣiṣẹ́ bíi ti amyl nitrite. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń wo aláìsàn, ó fi ahọ́n kan ìdérí ìgò nitroglycerin tí wọ́n ti bu omi là gidigidi. Aláìsàn kan wọlé, ó gbàgbé. Kò tíì bi í ní ìbéèrè mẹ́fà tí orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbìgbìgbì, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ó tún un dán wò lára ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó fún aláìsàn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 1879. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé bá Nobel, oògùn yẹn náà ni àwọn dókítà ní kí òun náà máa lò fún ọkàn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1896 pé ẹ wo bí ayé ṣe ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ènìyàn. Kò pẹ́ tó fi kú lọ́dún náà. Àwọn mẹ́ta tó ṣàlàyé bí gáàsì tí ń jáde lára oògùn yìí ṣe ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998.

Angina nìyẹn, ìrora tó ń wá tó ń lọ, torí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há. Háàtì àtáàkì yàtọ̀: ọ̀nà náà dí pátá, apá kan ọkàn kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ó sì ń kú lọ bí wákàtí ṣe ń lọ. Títí wọ ọdún 1900, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé ẹni tí iṣan yẹn bá dí lára rẹ̀ á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dá mọ̀ lára alààyè. Ní Kiev, Obrastzow àti Straschesko kọ ọ́ ní 1910 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Chicago, James Herrick kọ ọ́ ní 1912. Herrick yìí kan náà ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe síkù sẹ́ẹ̀lì nínú ìwé ìṣègùn ní 1910, lára akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ojú ẹ̀ mú, ẹ ò rí i.

Ẹ gbọ́ ìtàn aláìsàn Herrick. Ọkùnrin ọlọ́dún 55 kan, ara rẹ̀ le, ó jẹun tán, wákàtí kan lẹ́yìn náà ìrora ńlá dì í mú nísàlẹ̀ àyà. Èébì ń gbé e. Ó ní oúnjẹ tóun jẹ ni, ó ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun kí ó lè bì. Ìrora kò lọ. Wọ́n pe dókítà, dókítà bá a tí ara rẹ̀ tutù, tí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń yára tó sì rẹlẹ̀. Kí ni dókítà ṣe? Ó fọ ikùn rẹ̀! Ó tún fún un ní abẹ́rẹ́ mọfíìnì. Ọkùnrin náà kú lẹ́yìn wákàtí 52, nígbà tí wọ́n sì là á, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan tí ń bọ́ ọkàn rẹ̀. Wákàtí 52! Kì í ṣe ikú ojú ẹsẹ̀. Ohun tí Herrick ń sọ ni pé àyè wà láti dá a mọ̀. Ó ka ìwé náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ Fred Smith fi ẹ̀rọ Einthoven tì í lẹ́yìn, ní nǹkan bí 1918, ni wọ́n tó gbọ́. Ẹ̀rọ tí Willem Einthoven ṣe ní Leiden láti fi ya bí iná ṣe ń rìn nínú ọkàn ni mò ń wí, èyí tí a ń pè ní ECG lónìí. Ti àkọ́kọ́ tó nǹkan bí 270 kg, aláìsàn sì ní láti ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú garawa omi iyọ̀.

Ẹ má rò pé lẹ́yìn Herrick ọ̀rọ̀ ikùn tán. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Dwight Eisenhower, ń gbá gọ́ọ̀fù ní Denver. Ó jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù lọ́sàn-án, inú rẹ̀ kò sì dára lẹ́yìn náà. Ó dá àlùbọ́sà lẹ́bi. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìrora àyà jí i. Dókítà rẹ̀, Howard Snyder, wá. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo ayé láàárọ̀ ni pé oúnjẹ kò dà nínú Ààrẹ. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbé ECG dé, ìgbà náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Fitzsimons. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn bóyá Snyder mọ̀ láti òru tó fi pa á mọ́, tàbí kò mọ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tí dókítà ń sùn nítòsí rẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án, ikùn ni wọ́n kọ́kọ́ pe tirẹ̀.

Eisenhower jáde ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje! Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó ní háàtì àtáàkì á dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á máa fi ṣíbí bọ́ ọ, kò gbọdọ̀ yí ara rẹ̀ padà. Ìtọ́jú yẹn pa ènìyàn, torí ẹ̀jẹ̀ ń dì sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Levine tí mo dárúkọ lókè, òun àti Bernard Lown, gbé aláìsàn 81 kúrò lórí ibùsùn sórí àga, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1952 pé kò sí aburú tó tibẹ̀ wá. Ìjókòó lásán! Èmi kò mọ ohun tó kéré ju àga lọ nínú ìtàn ìṣègùn tó gba ẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀.

Frank Pantridge ní Belfast wá béèrè ohun mìíràn: níbo ni àwọn tó ń kú ti ń kú? Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ń kú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn rárá, torí ọkàn wọn ń gbọ̀n dípò kó máa lù. Iná mànàmáná lè mú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú wọ́ọ̀dù. Ní 1966, Pantridge gbé ẹ̀rọ náà, tó tó 70 kg, sínú áńbúláǹsì, ó fi bátìrì ọkọ̀ gbé e, ó sì ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé wọn. Sójà ni Pantridge tẹ́lẹ̀, àwọn Japan mú un ní Singapore, wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ ẹrú lórí ọ̀nà rélùwéè Burma. Ẹni tó ti rí ìyẹn kò lè máa bẹ̀rù ọ̀gá ilé ìwòsàn.

Ní 1980, Marcus DeWood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Spokane ya àwòrán iṣan ọkàn àwọn aláìsàn tó dé láàárín wákàtí mẹ́rin. Nínú 126, iṣan dí pátá lára 110. Iyàn pé bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń fa háàtì àtáàkì tàbí ó kàn ń tẹ̀ lé e parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ jẹ́ ká yọ́ ọ. Ìwádìí ISIS-2, tó jáde ní 1988, kó aláìsàn 17,187 jọ láti ilé ìwòsàn 417. Wọ́n fún apá kan ní streptokinase tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, apá kan ní aspirin, apá kan ní méjèèjì, apá kan kò gba ọ̀kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 13.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nípa ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí kò gba nǹkan kan. Lára àwọn tó gba méjèèjì, 8.0. Aspirin nìkan, oògùn orí fífọ́ tí kò wọ́n, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí là tó streptokinase. Lawrence Craven, dókítà kan ní California, ti ń pariwo aspirin láti 1950, ṣùgbọ́n kò ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń wé ara wọn, wọn kò dá a lóhùn.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn dókítà ìgbà òyìnbó amúnisìn ni pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n gidi lára aláwọ̀ dúdú, àti pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Hugh Trowell, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Kenya àti Uganda, òun àti Singh tẹ ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo tó ní i jáde ní 1956. Ẹnì kan péré, ó sì tó ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru bàjẹ́ àti èyí tí ibà làkúrègbé bàjẹ́ ló kún ibẹ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ọdún 1956 kì í ṣe òtítọ́ lónìí. Ìwádìí INTERHEART tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tó jáde ní 2004, fi hàn pé ohun kan náà ló ń fa háàtì àtáàkì níbi gbogbo: sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, ìrònú, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àìṣe eré ìdárayá. Láàárín aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wúwo jù nínú wọn. Ta ló wà ní àdúgbò yín tí kò ní ọ̀kan nínú wọn?

Àbájáde èrò àtijọ́ yẹn kò tíì tán lórí wa. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bíi tèmi, bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà bó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Òun ní ọ́lsà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan àyà rẹ̀ fún un, òógùn bò ó tí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi rẹ ṣìnkìn, tí ara rẹ̀ sì tutù. Ìyàwó rẹ̀ fún un ní oògùn gáàsì. Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fa omi sí i lára. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Kò sẹ́ni tó ya ECG fún un. Àlàyé tó ti wà nínú ìwé láti 1768 ló ṣe lójú gbogbo wa.

Mo ní a ó padà sí àwọn obìnrin mẹ́ta Heberden. Obìnrin kì í sábà ní i ní kékeré bí ọkùnrin, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, wọ́n ń bá ọkùnrin. Tiwọn náà sábà máa ń jẹ́ àyà tó fún, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ mímí tó há, èébì, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n tó ń ro, tàbí àárẹ̀ tó kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn alátọ̀gbẹ tilẹ̀ lè má rí ìrora kankan. Màmá tó bá ní "ó kàn rẹ̀ mí ni, òógùn sì ń bò mí," ẹ má sọ pé kó lọ sùn.

Ohun tí ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́ nípa ti ìṣe nìyí. Ìrora tó ń wá bí a bá ń rìn tó ń lọ bí a bá dúró, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ń wá bí mo bá rìn, ó ń lọ bí mo bá dúró. Àyà tó fún tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, pàápàá pẹ̀lú òógùn tútù tàbí èébì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ibi tí wọ́n ti lè ya ECG ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ, kì í ṣe ibi tó sún mọ́ jù tí kò ní i. Kó má wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Aspirin 300 mg, kó rún un lẹ́nu, bí kò bá jẹ́ ẹni tí aspirin kì í bá lára mu tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fún ní oògùn abẹ́ ahọ́n, ti Murrell náà ni, kó jókòó kó tó lò ó, torí ó lè mú ojú ṣókùnkùn. Ẹ fi oníhóró sínú ìgò tó bá wá. Bí ẹ bá tú u sínú bébà tàbí ọ̀rá, agbára rẹ̀ á lọ.

Ó ku ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ mi kò ní fẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ń dán oògùn kan wò fún angina ní ìlú Sandwich, ní England. Àyà kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀, ibòmíràn ló gbádùn rẹ̀. Sildenafil ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1998 lórúkọ Viagra. Ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti nitroglycerin ń gbà ṣiṣẹ́, bí méjèèjì bá sì pàdé lára ènìyàn kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí yóò fi kú. Púpọ̀ nínú àwọn àgbò àti páálí aláìlórúkọ tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin ní gáréèjì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bí dókítà ní yàrá pàjáwìrì bá bi yín, níwájú ìyàwó yín, bóyá ẹ lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lánàá tàbí lánàá ìjẹta, kò fẹ́ dójú tì yín. Ẹ dá a lóhùn kó tó fi nǹkan sí yín lábẹ́ ahọ́n.